Ẹni Tó Pè Ní Ọkọ

Ogun tó bá pẹ́ lójú kan, àgọ́ rẹ̀ a máa di ìlú. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ọmọ ogun tó dó ti ìlú àtijọ́ náà. Ariwo ni wọ́n fi dé, wọ́n ní oṣù tó wà lókè kò ní í wọ̀ kí àwọn tó wọ̀lú. Oṣù wọ̀, òmíràn yọ, odi wà níbi tó wà. Nígbà tó yá, àwọn tó wá jagun ti ń gbin àgbàdo sẹ́yìn àgọ́. Onígbàjámọ̀ ti ní igi tirẹ̀ tó ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀, àwọn jagunjagun méjì sì ti gbé ara wọn lọ síwájú Balógun nítorí ààlà ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba ẹnì kankan nínú wọn.

Nínú ìlú yẹn ni ọjà wà. Àwọn àgbà sọ pé ọjà náà ló kọ́kọ́ wà, pé ìgbà tó kún tán ni wọ́n tó ronú àtimọ odi yí i ká, bí èèyàn ṣe ń sọgbà yí ẹ̀fọ́ ká nítorí ewúrẹ́. Ohun tí ọwọ́ ọmọ èèyàn lè ṣe, ẹ óò bá a níbẹ̀. Ogun pàápàá kò lè pa á, nítorí àwọn tó dó ti ìlú fẹ́ iyọ̀, àwọn ará ìlú sì fẹ́ igi ìdáná. Ìhà méjèèjì wá jọ mulẹ̀ pé lọ́jọ́ ọjà, ẹnubodè apá odò yóò wà ní ṣíṣí títí òjìji yóò fi gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ohun ìjà sílẹ̀ lè wọlé. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, yóò fi ahọ́n kan irin lọ́wọ́ oníbodè, yóò sì wí pé, "Ohun tí ojú mi bá rí lọ́jà, ọjà ni màá fi í sílẹ̀ sí." Kò sẹ́ni tó tíì da ìbúra náà, tàbí ká kúkú sọ pé kò sẹ́ni tí wọ́n tíì mú.

Ọkùnrin kan wà nínú àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Alákọ̀, nítorí àkọ̀ rírán niṣẹ́ rẹ̀ kí ogun tó gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́. Àkọ̀ idà, àkọ̀ ọ̀bẹ, àní àkọ̀ abẹ tí àwọn arúgbó fi ń fárí, gbogbo rẹ̀ ló ń rán. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ọmọkùnrin méjì ni bàbá náà bí. Alákọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ni wọ́n ń pè ní Kékeré, tí àwọn akónilẹ́rú gbé lọ lójú ọ̀nà oko nígbà tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ìgbànú bàbá rẹ̀. Títí bàbá fi kú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́ fún Alákọ̀: ohun tí ogun gbé lọ, ogun lè gbé e padà, kó ṣáà máa wojú èèyàn.

Alákọ̀ wojú èèyàn títí ó fi sú u. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ló fẹ́ ìyàwó, ó sì ń pè é ní Adúmáadán nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Adúmáadán ló máa ń bá a di okùn mú bó bá ń ránṣẹ́. Nígbà tí Alákọ̀ tẹ̀ lé Balógun lọ, ogun mìíràn gba ẹ̀yìn wọ ìlú kékeré wọn, ó sì tú u ká. Àwọn tó sá àsálà ní àwọn kò rí Adúmáadán láàyè, àwọn kò sì rí òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Alákọ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wojú èèyàn.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Balógun pe ìgbìmọ̀ sínú àgọ́ rẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ní kẹ́nikẹ́ni má bínú. Wọ́n kí i bí wọ́n ṣe ń kí i: Arógunmásàá, ọmọ a-jí-bógun-ṣeré. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n fi oríkì mọ níwọ̀nba, pé oríkì kò wo orúnkún rí. Ẹlẹ́ṣin, olórí àwọn tó ń gẹṣin jagun, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹṣin òun ti ń sanra, pé ẹṣin tó bá sanra lójú ogun, ìtìjú ni fún ẹni tó ń gùn ún. Kí wọ́n wọ ìlú yẹn lọ́la. Wọ́n bi í pé ibo ni yóò gbà wọ̀ ọ́. Ó ń tún fìlà rẹ̀ dé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, èyí ló sì bí i nínú jù.

Balógun jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Bí ebi bá ń pa àwọn ará ibẹ̀, ká ní sùúrù, àwọn fúnra wọn ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wa. Bí wọ́n bá yó jù wá lọ, kí là ń ṣe níbí? A ó ká àgọ́, a ó lọ bá àwọn ọmọ wa."

Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ilé ń wu kálukú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́. Wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò wọ ọjà lọ wo bí ìlú ṣe rí nínú. Alákọ̀ ni wọ́n fi orí ọ̀rọ̀ náà tì sí, nítorí òun ló ní ọjà gidi tó lè rù dání. Alákọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìbúra ẹnubodè.

Balógun ní, "Èmi ni mo rán ọ. Bí irin bá bínú, ilé mi ni kó wá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kó o mú bọ̀ fún mi. Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ gbọ́, kì í sì í ṣe ohun tó wù ọ́. Ohun tó o bá rí ni."

Alákọ̀ gbà. Nínú ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ebi kọ́ ló gba iwájú. Ó ń rò ó pé nínú gbogbo èrò tó ń wọ ọjà yẹn, bóyá ẹnì kan yóò ti gbúròó Adúmáadán.

Ó wọ aṣọ ẹlẹ́rù, ó dé fìlà etí gbígbòòrò, ó di àkọ̀ mélòó kan sínú apẹ̀rẹ̀. Ó fi ahọ́n kan irin lẹ́nubodè, ó wí ohun tí wọ́n ń wí, ó bọ́ sínú ọjà.

Ọ̀nà tóóró ni wọ́n fi la ọjà náà, òkúta tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ ti yọ̀ nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́. Àwọn alámọ̀ ló kọ́kọ́ bá, tí wọ́n to ìkòkò léra títí dé àjà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń hun ẹní, lẹ́yìn ẹlẹ́ní ni àwọn tó ń fín igbá, tí gbogbo ara wọn funfun nítorí eruku igbá bí ẹni tó sùn sínú ìyẹ̀fun. Ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn aláró tí wọ́n ń fún aṣọ lójú ìkòkò aró, ó kọjá lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń yan ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná, ó kọjá lọ́dọ̀ olóyin tó ń fi ọwọ́ kan lé oyin, tó ń fi ọwọ́ kejì fún oníbàárà tọ́ wò. Ẹja gbígbẹ wà, ẹ̀wà wà, epo wà nínú ìkòkò tó ga dé àyà ènìyàn. Àwọn tó ń tajà ló ń bẹ àwọn tó ń rà. Alákọ̀ mọ̀ pé níbi tí ebi bá wà, olùrà ló ń bẹ̀bẹ̀. Ó rí ọmọ kan tó jẹ àgbàdo dé ìdajì tó sọ ìyókù fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ náà gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lọ. Ìlú tí ebi ń pa kò lè ní irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀.

Inú Alákọ̀ dùn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ti parí. Wọ́n á ká àgọ́, kálukú á lọ sílé.

Ó kù díẹ̀ kí òjìji gùn, ó sì ní ojú òun gbọ́dọ̀ jọ ti ontàjà. Ó tọrọ àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ arúgbó kan tó ń ta ìkòkò. Ìyá Oníkòkò ní kó jókòó, kó ṣáà má na ẹsẹ̀, pé ìkòkò òun kò mọ àlejò. Alákọ̀ to àkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin kan dúró, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra dá a padà bí ẹni tí kò fẹ́ ṣe èèyàn lọ́ṣẹ́.

Ó ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n bó o bá ráyè, wo ti ọkùnrin tó wà lódìkejì yẹn, kó o fi kọ́gbọ́n."

Ẹni kejì tó dúró kò tilẹ̀ mú nǹkan kan. Ó wo àkọ̀, ó wo odìkejì, ó sì ré kọjá síbẹ̀. Alákọ̀ sọ fún Ìyá Oníkòkò pé oje igi ni ọkùnrin odìkejì fi ń lẹ tirẹ̀, pé òjò kan ni yóò tú u. Kò tíì rí i o. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà.

Ó wá gbójú sókè wò ó. Ìsọ̀ awọ ni, àpò àti bàtà àti àkọ̀ kọ́ yí i ká. Ẹni tó ni ín jókòó nísàlẹ̀, ó doríkodò sórí iṣẹ́, fìlà koríko bò ó lójú. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn, ìka rẹ̀ pupa dé ọrùn ọwọ́ nítorí oje tí wọ́n fi ń kun awọ. Ó fi ẹsẹ̀ di awọ mú, ó ń fi eyín fa okùn, okùn náà ń lọ síwájú, ó ń yí padà wá gbá ara rẹ̀ mú, ó tún ń lọ. Alákọ̀ mọ irú rírán yìí. Àránpadà nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Bí ojú kan bá já, ìyókù kì í tú. Alákọ̀ ti rò pé lórí ilẹ̀ alààyè, ọwọ́ òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n rán. Ẹnì kan péré ló tún ti rí i nítòsí, ẹni tó máa ń bá a di okùn mú.

Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni Adúmáadán jáde láti inú ilé tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà.

Ó rù díẹ̀. Àpá kan wà létí ọwọ́ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun náà ni. Ẹsẹ̀ Alákọ̀ ti gbé e dìde kó tó mọ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ti wà létè. Adúmáadán kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi fún un.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ mu omi."

Ọkùnrin náà gbà á. "Ìyàwó, o ṣeun."

Alákọ̀ padà jókòó. Ó jókòó sórí ìkòkò kékeré kan, ìkòkò náà fọ́, Ìyá Oníkòkò sì bínú, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀ bí ata ṣe ń wọ ojú. Òun tó ń wojú èèyàn kiri lójú ogun, òun tí kò fẹ́ obìnrin mìíràn nínú àgọ́, òun ni wọ́n fẹ́ ọkọ mìíràn lé lórí. Ohun tó tún dùn ún jù ni "ẹ" tó ń pe ọkùnrin náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà nílé, "o" ni Adúmáadán máa ń pè é bí kò bá sí àgbà níbẹ̀: "o ti dé," "o ò jẹun." Ọkùnrin aláwọ ọlọ́wọ́ pupa yìí ni "ẹ" wá tọ́ sí. Ó bọ̀wọ̀ fún un ju òun lọ. Ó kúnlẹ̀ fún un lójú ọjà. Ó sì ti kó àránpadà bàbá òun fún un lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹrù ìyàwó.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ óò ní kó béèrè. Ọ̀nà tó wà láàárín ìsọ̀ méjèèjì kò ju ibi tí èèyàn lè na ọwọ́ iyọ̀ sí ẹlòmíràn lọ. Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú kì í béèrè ọ̀nà, nítorí ó dá a lójú pé òun ti débẹ̀.

Dípò ìyẹn, Ìyá Oníkòkò ló bi, ó sì bi í bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ìyá náà ń ṣa àfọ́kù ìkòkò rẹ̀ jọ. Ó ní èèyàn dáadáa ni ọkùnrin náà, pé ó ń tọ́jú ìyàwó yẹn bí ẹyin. Ìyàwó náà kò sì pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọkọ mi lówùúrọ̀, ọkọ mi lálẹ́.

"Wọ́n bára mu," ni Ìyá Oníkòkò wí. "Ṣé wàá sanwó ìkòkò mi?"

Alákọ̀ fi àkọ̀ kan san owó rẹ̀. Ó fún un ní òmíràn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ fi pààrọ̀ ọ̀kan nínú ti ọkùnrin odìkejì wá fún òun. Ìyá náà ní ẹsẹ̀ Alákọ̀ fúnra rẹ̀ kò kúrú, ìsọ̀ náà kò sì jìnnà, ṣùgbọ́n ó lọ. Àkọ̀ ọ̀bẹ kékeré ni ó mú dé. Alákọ̀ kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó tì í sínú apẹ̀rẹ̀.

Kó tó kúrò, ó yípo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn aláwọ, ó fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ń gbé. Kòtò ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń rẹ awọ sí. Ó ń rùn débi pé kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ bí kò bá nídìí. Omi kòtò náà ń ṣàn lọ sábẹ́ odi, ó ń gba ihò kan jáde, ihò náà sì fẹ̀ tó ẹni tó bá rákò. Igi tí wọ́n fi okùn awọ dè ni wọ́n fi dí i, okùn náà ti rà. Pátákó ìjókòó kan àti kùmọ̀ tí wọ́n fi ń lu awọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jọ pé àwọn aláwọ ló ń gbà á ṣọ́ láàárín ara wọn. Alákọ̀ wo ihò náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́nubodè, oníbodè bi í bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo ènìyàn bóyá ó ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà. Alákọ̀ ní òun fi í sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ń dúró dè é. Balógun ní kó jókòó, kó mu omi, kó tó sọ̀rọ̀. Kò mu omi. Ó ní ebi ń pa ìlú náà. Ó ní ìkòkò epo wọn ṣófo, pé ẹ̀wà tó wà lójú ọjà, òkúta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pé òun rí ọmọ tó ń bá ewúrẹ́ du àgbàdo. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rọrùn fún un. Irọ́ tó bá ti ara òótọ́ jáde kì í wúwo lẹ́nu.

Balógun ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúró. Ebi yóò bá wọn ṣe é, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í ta sílẹ̀.

Dídúró kọ́ ni Alákọ̀ fẹ́. Dídúró túmọ̀ sí pé alẹ́ yìí, alẹ́ ọ̀la àti alẹ́ tó tẹ̀ lé e, igbá omi yóò máa lọ, yóò máa bọ̀. Ó ní ọ̀nà kan wà. Ó sọ̀rọ̀ ihò náà, ó sọ ibi tó wà, ó sọ okùn tó rà. Ẹlẹ́ṣin fò dìde, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó wá bá.

Balógun kò dìde. Ó ń wo Alákọ̀. "Ọ̀rọ̀ rẹ gbóná ju ti ẹni tó lọ sọ́jà lọ. Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ níbẹ̀?"

Alákọ̀ ní kò sí nǹkan kan. Balógun fa idà rẹ̀ yọ, ó nà án sí i. Alákọ̀ fi ahọ́n kan án, ó búra pé ojú òun ló rí ohun tí òun sọ. Ìgbà kejì nìyẹn tí ahọ́n rẹ̀ kan irin láàárín òwúrọ̀ sí àṣálẹ́. Balógun mí kanlẹ̀. Ó ní ẹni tí a bá rán níṣẹ́ là ń gbà gbọ́, kí wọ́n múra. Kí Alákọ̀ tó jáde, ó tọrọ ohun kan: ìsọ̀ aláwọ kan wà, kí wọ́n fi ẹni tó ni ín sílẹ̀ fún òun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí kùrukùru ṣì bo odò, Ẹlẹ́ṣin fi ẹṣin sílẹ̀, ó kó àwọn tirẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sídìí odi. Ọ̀wọ́ kejì ni Alákọ̀ wà. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sínú koríko títí wọ́n yóò fi gbọ́ ariwo. Ìrì ń kán. Alákọ̀ fa àkọ̀ kékeré náà yọ nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì mú ọ̀bẹ. Ó fẹ́ tú u wò, ó fẹ́ mọ bí Adúmáadán ṣe kọ́ ọkùnrin náà jìnnà tó, ó sì ń retí pé òun yóò bá àṣìṣe kan, kí òun lè rẹ́rìn-ín.

Ó já ojú kan, ìyókù kò tú. Ó já méjì. Ó rántí àwàdà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù nídìí iṣẹ́, nígbà tí oníbàárà bá kùnà láti nu idà tó tutù: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ó fi agbára ya á, ó la ẹnu àkọ̀ náà dé inú.

Ojú okùn kan wà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí irin máa ń bò, tó dojú kọ ẹ̀yìn.

Bàbá rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àkọ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ojú kan a wà nínú tí yóò dojú kọ ẹ̀yìn, kí iṣẹ́ lè mọ ilé tó ti wá. Oníbàárà kò mọ̀ ọ́n. Aya kò mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ tó fi han Alákọ̀, ó fi ọwọ́ bo fìtílà tí epo rẹ̀ kù díẹ̀, ó sì ní ọmọ òun nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Alákọ̀ kò fi han Adúmáadán rí. Ẹni kejì tó jókòó níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ń tòògbé, tí bàbá gbá létí díẹ̀ pé kó wò ó dáadáa, Kékeré ni.

Ọkọ mi, ẹ mu omi. Nínú ilé tí wọ́n ti bí Alákọ̀, bí ìyàwó ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ń rákò pàápàá, bó bá ti wà nínú ilé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ìyàwó ni, "ẹ" ló sì tọ́ sí i, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ìyàwó kan lágbàáyé tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alákọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Owú ló jẹ́ kó gbàgbé èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

Ó sáré. Ó bá Balógun lórí àpótí létí odò, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Mo purọ́. Wọ́n yó. Ẹ pè wọ́n padà. Àbúrò mi ni."

Kí Balógun tó yanu, ariwo sọ láti ẹ̀yìn odi. Ìkòkò ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tó ń fọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkòkò.

Balógun kò lù ú, kò bú u. Ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó dìde. "Òótọ́ ni mo ní kó o mú bọ̀," ló wí. "À bá ti máa lọ sílé báyìí. Lọ, kó o wá ohun tó bá kù nínú ilé rẹ."

Alákọ̀ sáré dé ìdí odi, ó dọ̀bálẹ̀, ó rákò wọ inú ihò náà. Omi kòtò awọ wọ ẹnu rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti ṣubú léra ní ẹnu ihò nínú, kùmọ̀ awọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì pọ̀. Wọ́n dojú bolẹ̀ nínú omi pupa. Ó ń gùn wọ́n kọjá, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kàn pé kí wọ́n má bínú, nígbà tí ọwọ́ kan nà dìde láti àárín wọn, ó di kókósẹ̀ rẹ̀ mú. Ó dì í le. Alákọ̀ fi ẹsẹ̀ kejì ta á dànù. Kò ráyè, àbúrò rẹ̀ ló ń sáré lọ gbà. Kò wojú ẹni tó ni ọwọ́ náà.

Ọjà ti dàrú. Ẹ̀wà fọ́n ká sórí òkúta, oyin ń ṣàn lọ́nà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà àwọn jagunjagun tí wọ́n ti dúró tí wọ́n ń jẹun, nítorí wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti rí oúnjẹ tó tó báyìí. Ìyá Oníkòkò jókòó sáàárín àfọ́kù, kò ṣa wọ́n mọ́. Ìsọ̀ aláwọ ṣì dúró. Alákọ̀ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé.

Adúmáadán ló dúró nínú ilé pẹ̀lú ọmọ odó tó gbé sókè. Ó fẹ́ sọ ọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó jẹ́, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn, tòun ti ẹrẹ̀ àti òórùn tó wà lára rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ń ti ara wọn jáde. Ó ní òun mọ̀ pé yóò wá. Ó ní nígbà tí òun sá wọ ìlú yìí, àkọ̀ ló mú òun dúró. Pé òun rí àránpadà lójú ọjà, òun sì bi ọkùnrin tó ń rán an pé ọmọ ta ni, bí ẹkún ṣe gba àwọn méjèèjì lójú ìsọ̀ nìyẹn.

"Gbogbo ìgbà ni ọkọ mi ń bi mí bó o ṣe rí báyìí," ló wí. "Bóyá o ti hu irùngbọ̀n. Bóyá o jọ bàbá. Wọ́n ní àwọn á dá ọ mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn, mo ní irọ́ ni." Ó nu ojú rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn Alákọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "Àwọn ni ìṣọ́ kàn ní òwúrọ̀ yìí, níbi ihò omi. Ọ̀nà wo lo gbà wọlé? Ṣé ẹ rójú ara yín?"

Alákọ̀ wo kókósẹ̀ rẹ̀. Àmì ìka ṣì wà níbẹ̀, ó pupa.